Ta La Fẹ́ Bá Wí?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ó ti pẹ́ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ní October 14, 2003, ní Wrigley Field, Chicago níbí, Cubs wa ń fi 3-0 na Marlins. Ó ku kí wọ́n yọ èèyàn márùn-ún péré, ká dé àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù tá ò dé láti 1945. Ni òǹwòran kan bá nawọ́ sí bọ́ọ̀lù tí Moises Alou fẹ́ hán. Kí ìpele yẹn tó parí, Marlins ti jẹ àmì ayò 8. 8-3!

Mo bú ọkùnrin yẹn nídìí tẹlifíṣọ̀n títí ọmọ mi fi ní, "Dádì, ṣé òun náà ló já bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Gonzalez?" Ẹnu mi wọhò. Gonzalez, agbábọ́ọ̀lù tiwa, ló já a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún fi 9-6 nà wá ńkọ́? Ṣé ọwọ́ òǹwòran náà ni?

Olólùfẹ́ Cubs bíi tèmi lọkùnrin ọ̀hún, síbẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ló mú un jáde kí wọ́n má bàa lù ú.

Ní 2016 la tó gba ife, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1908. Mo jó, mo yọ̀. Àmọ́ bí mo bá pàdé ọkùnrin yẹn, màá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́.