Àga tí onílù ń jókòó lé: owó wà níbẹ̀ fún wẹ́dà àti gbẹ́nàgbẹ́nà

Bí ẹgbẹ́ olórin bá dé òde àríyá, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ni jẹnẹrétọ̀, sípíkà, gìtá àti ìlù. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀gá ẹgbẹ́ fowó ara rẹ̀ rà, ó sì mọ iye tó ná lé wọn lórí. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé wá láti ilé, ìyẹn àga tí onílù máa jókòó lé. Wọ́n á kàn fa àga onírọ́bà kan yọ nínú èyí tí onínàáwó yá fáwọn àlejò, eré á sì bẹ̀rẹ̀.

Irú àga bẹ́ẹ̀ dáa fún àlejò tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, kó jẹun, kó sì máa wòran. Kò dáa fún ẹni tó máa lùlù fún wákàtí 5, tàbí tó máa lù ú mọ́jú. Ibi ìjókòó rẹ̀ dà sẹ́yìn, apá rẹ̀ ń dí ìgúnpá onílù lọ́wọ́, gíga rẹ̀ kò sì ṣeé yí padà. Bí onílù bá ga, orúnkún rẹ̀ á yọ sókè ju ìbàdí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀. Kó tó di ọ̀gànjọ́, ẹ̀yìn á ti máa ro ó, itan rẹ̀ á ti kú. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè yá mọ́ bó ṣe yá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ onílù?

Jíjókòó ṣeré kì í ṣe ohun tuntun nínú orin wa. Olóògbé Haruna Ishola, gbajúmọ̀ olórin àpàlà tó kú lọ́dún 1983, orí ìjókòó ló ti máa ń kọrin láàárín àwọn onílù rẹ̀. Ẹni tó ń lu àgídìgbo náà lè jókòó, kó gbé e lé itan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù òyìnbó yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà wà níbẹ̀: ọ̀kan ń tẹ èyí tó ń lu ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, èkejì ń ṣí àwo irin méjì, ó sì ń pa wọ́n dé. Kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi ti ara rẹ̀ dáadáa. Àga ló gbé e dúró. Bí àga bá ń mì, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ni á máa fi di ara rẹ̀ mú látìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá.

Bí àga tó dáa ṣe yẹ kó rí

Àkọ́kọ́ ni gíga. Àga tá a fi ń jẹun nílé máa ń ga tó ínǹṣì 18. Ti onílù gbọ́dọ̀ ṣeé gbé sókè, kó sì ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, bíi láti ínǹṣì 18 sí 24, nítorí pé èèyàn ò ga bákan náà. Ìbàdí gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju orúnkún lọ.

Èkejì ni fóòmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí fóòmù bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe dáa tó, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó rọ̀ jù á tẹ̀ wọlé, ẹni tó jókòó lé e á wá di ẹni tó jókòó sórí pákó. Fóòmù tó le, tó nípọn tó ínǹṣì 3, ló dáa jù.

Ẹ̀kẹta, àga náà ò gbọdọ̀ ní apá. Ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yà dáadáa, kí rọ́bà tó fẹ̀ sì wà nídìí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má baà yọ̀ lórí táìlì tàbí kó rì sínú iyanrìn.

Ibi tí owó wà

Kò sí nǹkan kan nínú èyí tí wẹ́dà, gbẹ́nàgbẹ́nà àti ẹni tó ń ran aṣọ àga kò lè ṣe. Páìpù irin méjì tí ọ̀kan wọnú èkejì, tẹ́ ẹ lu ihò sí lára ní ínǹṣì kan síra wọn, tẹ́ ẹ sì fi bóòtì tó nípọn há, ti tó láti yí gíga padà. Pákó róbótó tó fẹ̀ tó ínǹṣì 14 ló máa wà lábẹ́ fóòmù. Ẹ fi lẹ́dà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tó nípọn bo orí, torí pé lẹ́dà máa ń yọ̀ bí òógùn bá dé e.

Ẹ má ṣe 20 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe méjì, kẹ́ ẹ gbé wọn fún onílù ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín fún ọjọ́ Ìsinmi méjì, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohun tó máa sọ. Kẹ́ ẹ tó gbé e fún un, kí ẹni tó sanra jù nínú ṣọ́ọ̀bù yín jókòó lé e, kó mì ín dáadáa, torí pé bí irin bá já lábẹ́ onílù lójú agbo, orúkọ yín ló bà jẹ́. Yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ olórin, ilé ẹ̀kọ́ orin àtàwọn tó ń yáni ní ohun èlò orin náà lè rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ olórin

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣèṣirò. Bí àga kan bá jẹ́ 30,000 náírà, tí ẹgbẹ́ yín sì ń jáde lẹ́ẹ̀mejìdínláàádọ́ta lọ́dún, 625 náírà ló ń bọ́ sí lójú òde kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ wá fi wé ọjọ́ tí onílù yín bá ránṣẹ́ pé òun ò lè dìde. Ẹ máa wá ẹlòmíì tí kò mọ orin yín, ẹ máa sanwó fún un, onínàáwó á sì mọ̀ pé eré ọjọ́ yẹn kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ó lè má pè yín mọ́.

Àga nìkan kọ́ o. Bí orin kan bá parí, kí onílù dìde, kó na ara. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú lemọ́lemọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó jáde lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ka gbogbo ẹrù yín bẹ́ ẹ ṣe máa ń kà á, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá àga onílù wà nínú rẹ̀.