Ìbọn Ṣèèṣì Dún Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá: Ta Ló Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

Bí ìròyìn bá ti gbòde pé ìbọn ṣèèṣì dún lọ́wọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan, àríyànjiyàn a bẹ̀rẹ̀: ṣé òótọ́ ni, àbí àwáwí? Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí l'Ékòó kò ní yára gbà á. Ṣùgbọ́n ọta tó wọ ògiri, tí kò ba ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?

Àwọn ọlọ́pàá Sheriff ti Los Angeles kọ tiwọn. Ní 2012, ìgbà 12 ni ìbọn ṣèèṣì dún lọ́wọ́ wọn. Ní 2014, ó ti di 30. Láàárín àkókò yẹn ni wọ́n ń pa ìbọn Beretta tì, tí wọ́n ń gba Smith & Wesson M&P. Beretta ní irin kékeré tí wọ́n fi ń tì í pa, ọta rẹ̀ àkọ́kọ́ sì gba kí ìka fà á dáadáa. M&P tí wọ́n gbà kò ní irin ìtìpa, ó sì rọrùn láti fà. (Ó wúlò fún àwọn tí ọwọ́ wọn kéré, pàápàá àwọn obìnrin tí Beretta ń dà láàmú nínú ìdánwò.) Wọ́n tún wá so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, tó jẹ́ pé ìka tó di ìbọn mú ni yóò fún bọ́tìnì rẹ̀ kó tó tàn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìka kì í sábà dá ṣiṣẹ́: bí ọ̀kan bá fún nǹkan tagbáratagbára, èkejì a fẹ́ bá a fún un. Ọlọ́pàá fẹ́ tan iná, ìbọn dún. Roger Enoka, onímọ̀ nípa iṣan ara ní Colorado, ti ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó lè mú ọwọ́ dì láìgba àṣẹ: kí ẹ̀rù ba ènìyàn lójijì, kí ẹsẹ̀ yẹ̀, tàbí kí ọwọ́ kejì máa fa nǹkan, bí ìgbà tí èèyàn ń bá afurasí wọ̀yá ìjà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọlọ́pàá pé kó gbé ìka jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fa ìbọn títí yóò fi pinnu láti yìnbọn.

Ní ti àkọsílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, láti 2019 ni FBI ti ń gba ìròyìn ìlò agbára àwọn ọlọ́pàá, àmọ́ kò pọn dandan, ọta tó wọlẹ̀ lásán kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Àwọn akọ̀ròyìn Associated Press (AP) ló fúnra wọn kó ìṣẹ̀lẹ̀ ìbọn tó ṣèèṣì dún tó lé ní 1,400 jọ lọ́dún 2019, èyí tó ti wáyé láti 2012, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá 258.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tó ń kà á dáadáa ni orúkọ rẹ̀ ń bàjẹ́. Iléeṣẹ́ tó bá ní òun kò ní ẹyọ kan ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.