Ẹni Tí Ń Ta Okùn Ìsàlẹ̀

Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ẹgbẹ́ akọrin rí yóò mọ̀ pé ohùn mẹ́rin ni a fi ń kọ orin ìsìn, àti pé èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Bí ohùn òkè bá ṣìnà, gbogbo ìjọ ni yóò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí ohùn ìsàlẹ̀ bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kìkì pé orin náà yóò dàbí ilé tí a yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tí ń jó yóò sì wúwo láìnídìí.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, akọ̀wé ni mí láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi a gbé gìtá olókùn mẹ́rin kọ́ ọrùn, èmi a sì máa ta ohùn ìsàlẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi a tún gbé e lọ sí ilé ìsìn. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ mi. Ìfẹ́ rẹ̀ ni ó mú mi. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo kọ́ nínú rẹ̀, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, mo sì rò pé kò yẹ kí n fi í pamọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ohun èlò tí í ṣe. Ní Amẹ́ríkà láyé ìjọ́hun, fàólìnì ńlá kan tí ó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n fi ń ta ohùn ìsàlẹ̀. Ó ṣòro láti gbé, bí ìlù àti fèrè bá sì pọ̀, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Paul Tutmarc, ará ìlú Seattle, ti ṣe irú rẹ̀ kékeré tí ń lo iná mànàmáná ní nǹkan bí ọdún 1936, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1951 ni Ọ̀gbẹ́ni Leo Fender, ní ìlú Fullerton ní Kalifọ́níà, gbé tirẹ̀ jáde, èyí sì ni ó tàn ká gbogbo ayé. Ó dùn mọ́ mi láti sọ fún ẹ̀yin akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni Fender ń ṣe kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rédíò ní ọdún 1938, àti pé ọkùnrin náà kò mọ gìtá ta. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kí ó tẹ́tí sí ìráhùn àwọn tí ń ta á. Ó to àwọn ìlà irin sí ọrùn gìtá náà, kí ìka má baà ṣìnà lórí okùn. Ìdí nìyí tí ó fi sọ ọ́ ní Precision, èyí tí ó túmọ̀ sí ìpéye.

Okùn tí ó nípọn jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìgbà 55. Ìkẹta, ìgbà 73. Ìkẹrin, ìgbà 98. Lábẹ́ àwọn okùn irin wọ̀nyí ni òòfà wà, tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín bí irun wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá gbọ̀n lórí òòfà, iná kékeré a bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú wáyà náà. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní áńpù a sì sọ iná kékeré yìí di ohùn ńlá, tí àyà ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n bí etí ti ń gbọ́ ọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ayé ìgbádùn ni èyí, kí ó wá wò wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ó ti gbé áńpù tí ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì sínú ọkọ̀ kí oòrùn tó mú. A ó ti dúró de ẹni tí ó ni jẹnẹrétọ̀. A ó ti ka wáyà, a ó sì rí i pé ọ̀kan kù. Nígbà tí òde bá gbóná, àwọn olówó a jáde wá jó. Wọ́n a lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin, wọ́n a lẹ ẹ́ mọ́ ti onígángan. Kò sí ẹni tí í yà sí ẹ̀yìn, níbi tí èmi dúró sí lẹ́bàá áńpù mi. Nítorí pé akọ̀wé ni mí, mo ní ìwé kan tí mo fi ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde nítorí gìtá yìí. Èyí tí ó jáde kò tíì jẹ́ kí èyí tí ó wọlé bá a láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi mọ ibi tí ìwé náà wà, ṣùgbọ́n kò ṣí i rí. Ojúrere ńlá ni mo kà á sí.

Kì í ṣe àwa kéékèèké nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ní ìlú Detroit, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Jamerson, tí ó ta ohùn ìsàlẹ̀ sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo orin ilé iṣẹ́ Motown láàárín ọdún 1960 sí 1970. Gbogbo ayé jó sí ìka rẹ̀, síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ a kò kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo. Ní ọdún 1971, lórí àwo Marvin Gaye tí à ń pè ní What's Going On, ni a tó kọ ọ́ kedere. Gìtá Fender kan ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, kì í sì í pààrọ̀ okùn rẹ̀ àfi bí ó bá já. Ó kú ní ọdún 1983.

Nísinsìnyí mo fẹ́ sọ ti àtúnṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tí kò lówó gìtá tuntun gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń tún ògbólógbòó ṣe. Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi ní ọjà Alába ní Èkó, ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Mo kọ́ pé ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn náà, tí a ń yí díẹ̀díẹ̀, tí a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó tún un yí. Mo kọ́ bí a ti ń fi irin gbígbóná yọ́ òjé láti so wáyà mọ́ wáyà. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú ìso wáyà rí, tí mo fi máa ń jókòó ní pálọ̀ di òru, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, tí mò ń wá ọ̀kan ṣoṣo tí kò di mọ́ra.

Ọ̀tá wa àgbà ni kíkùn. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá tẹ okùn mi tí ó nípọn jù lọ ní ìlà irin kẹta, yóò gbọ̀n ní ìgbà 49. Nítorí náà, bí iná bá wọ inú áńpù, yóò máa kùn bí oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn tèmi gan-an, kò sì ní bá a dọ́gba. Fender wá ẹ̀rọ̀ sí irú kíkùn tí òòfà ń gbà láti inú afẹ́fẹ́: ní ọdún 1957 ó pín òòfà náà sí méjì, ó sì wé wáyà wọn lódìkejì ara wọn, kí kíkùn ọ̀kan lè pa ti èkejì. Ṣùgbọ́n kíkùn tí ó ń yọ mí lẹ́nu kò ti ibẹ̀ wá. Nígbà tí áńpù mi wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, tí ẹ̀rọ olórin wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó jìnnà, wáyà ilẹ̀ àwọn méjèèjì, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, bá wáyà ohùn pàdé, wọ́n sì di òrùka kan tí iná ń sáré yí ká.

Ẹnìkan tí ó ti pẹ́ jù mí lọ nínú eré sọ fún mi pé, "Àbúrò, yọ wáyà ilẹ̀ kúrò nínú púlọ́ọ̀gì rẹ, yóò dákẹ́." Mo yọ ọ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Mo yọ̀ bí ẹni tí ó rí owó he, mo sì ń fi í yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ mi fún ọdún méjì. Nígbà mìíràn, bí ètè mi bá kan máíkì, nǹkan kan a ta mí fín-ín bí èèrà. Mo kà á sí ohun kékeré.

Ní àkókò òjò ọdún kan, a lọ ṣe eré níbi ìgbéyàwó kan. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ àtíbàbà. Ọmọkùnrin mi kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà náà, ti ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi, mo sì gbé e fún un kí ó ta orin kan kí èmi lè mu omi. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i pẹ̀lú. Ó tà á dáradára. Nígbà tí ègbè kàn, ó gbé ẹnu lé máíkì láti bá wọn gbè é.

Kò kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ di okùn mú, kò sì lè tú u, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan nínú èrò rò pé ijó ni, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ń lu ìlù lẹ́yìn wa ni ó mọ̀. Ó ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó sì fa púlọ́ọ̀gì áńpù yọ. Ọmọ mi ṣubú lulẹ̀. Ó pẹ́ lójú mi kí ó tó mí. A sùn sí ilé ìwòsàn mọ́jú, pẹ̀lú ètè rẹ̀ tí ó jóná àti ojú okùn tí ó hàn lára ìka rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ní òru, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Baálé mi, kí ni ẹ yọ kúrò nínú ẹ̀rọ yẹn?" N kò rí èsì fún un.

Nígbà tí mo tú áńpù náà, mo rí i pé wáyà iná kan ti bó nítorí gbígbé e sókè sódò nínú ọkọ̀, ó sì ti kan àpótí irin rẹ̀. Ìbá ṣe pé wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀, iná náà ìbá gbà á sọ̀kalẹ̀, fíúsì ìbá jó, áńpù ìbá kú, inú ìbá sì bí wa díẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí tí kò sí níbẹ̀, iná náà gba wáyà gìtá bọ́ sí okùn, ó gba okùn bọ́ sí ọwọ́, ó gba ọwọ́ lọ sí ẹnu, ó sì gba ẹnu bọ́ sí máíkì tí òun ní ọ̀nà tirẹ̀ dé ilẹ̀. Ọmọ mi ni ó di wáyà ilẹ̀ tí mo yọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó rí àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, iná pa Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, lórí pèpéle níwájú èrò, nígbà tí ó fọwọ́ kan máíkì tí a kò so mọ́ ilẹ̀ bí ó ti yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ta gìtá, àti ẹ̀yin alàgbà tí ẹ ń ṣe àbójútó ẹ̀rọ ilé ìsìn, mo bẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni púlọ́ọ̀gì wa ní. Èyí tí ó gùn jù lọ ni ti ilẹ̀. Ẹ má ṣe ṣẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe yọ wáyà rẹ̀. Bí kíkùn bá wà, ẹ kọ́kọ́ so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ ojú kan náà. Bí kò bá lọ, àpótí kékeré kan wà tí ó ní tiransifọ́mà nínú, tí ń já òrùka náà lójú wáyà ohùn, láìfọwọ́ kan wáyà iná. Ẹ jẹ́ kí oníná so jẹnẹrétọ̀ yín mọ́ ilẹ̀, kí ó sì fi ohun tí ń já iná kíákíá sí i bí iná bá ń jò. Bí nǹkan bá ta yín fín-ín, ẹ pa gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó bèèrè ìdí. Bí iná bá sì mú ẹnìkan, ẹ má ṣe dì í mú. Ẹ pa iná ná.

Kíkùn mìíràn tún wà tí kò ní púlọ́ọ̀gì tí a lè fà yọ, èyí tí í máa wà nínú etí ẹni tí ó ti gbọ́ ariwo jù. Àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé ariwo 85 désíbẹ̀ẹ̀lì kò yẹ kí ó ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé bí ó bá fi 3 lé sí i, kí a pín àkókò náà sí méjì. Bí ó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ẹ di etí yín.

Oṣù márùn-ún ni ọmọ mi kò fọwọ́ kan gìtá, èmi náà kò sì sọ fún un pé kí ó fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ni ó padà sí i. Nísinsìnyí, kí a tó fi iná sí ohunkóhun lóde, yóò mú mítà jáde, yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sí orí irin ilẹ̀ púlọ́ọ̀gì, yóò sì fi èkejì sí orí okùn gìtá. Àwọn tí ó wá jẹun kì í wo ibi tí a wà. Bí mítà bá ké, yóò gbójú sókè wò mí, yóò sì wí pé, "Bàbá, ó dún." Nígbà náà ni a ó tó so ó mọ́ iná.