Adìẹ Tí Ìyẹ́ Rẹ̀ Ká

Ooru ilẹ̀ Ìlàjẹ pọ̀, láti Igbókòdà dé Ayétòrò. Adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn a máa fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àkùkọ oníyẹ̀ẹ́ kíká má ṣe gun àgbébọ̀ irú rẹ̀. Bí ó bá gùn ún, ọmọ kan nínú mẹ́rin, ní ìṣirò, yóò gba ìpín kíká lọ́dọ̀ baba àti ìyá pọ̀. Ìyẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa já, òjò àti òtútù a sì tètè pa á. Bateson ará Ẹ́ńgláńdì ti fi hàn ní ọdún 1902 pé òfin ìpín méjì yìí wà lára adìẹ. Ẹ jẹ́ kí ó gun àgbébọ̀ lásán: ìdajì ọmọ a ká, ìdajì a rí bí ìyá wọn, ìhòòhò kì yóò sì bá ọ̀kankan.