Ẹgbẹ́ Tó Ń Ka Ẹni Tí Kò Wá

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ta gàrí ní ọjà Mọ́níyà dá mi dúró. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Bàbá Pùròfẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì pè mí lálẹ́ àná, ó lóun fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Mi ò sùn mọ́jú."

Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo ni.

"Háà, mi ò bèèrè o. Bí mo ti gbọ́ ẹgbẹ́ báyìí ni àyà mi já."

Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà, mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké agbègbè wa ni. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n sì máa ń bá ọmọ tuntun wá yàrá àti ìwé tó lè yá kà. Ọkàn ìyá náà balẹ̀. Ọkàn tèmi ni kò balẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń pe ohun tó dùn jù nínú ìgbé ayé wọn ṣe di ohun tí abiyamọ ń gbọ́ tí kò fi lè sùn?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé orí ohùn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹgbẹ́": ohùn àárín, ohùn òkè. Àwọn tí wọ́n tó ara wọn ni; ẹlẹgbẹ́ mi ni ẹni tí a jọ wà ní ọgbọọgba. Ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di "ẹ̀gbẹ́", ìhà ara wa, níbi tí ẹni tó bá dúró tì wá máa ń wà. Ẹ yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà, kí ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ sí méjèèjì, ó di "ègbè", ohun tí àwọn yòókù máa ń gbà bí ẹnì kan bá dá orin. Ẹ gbé ohùn ìparí rẹ̀ sókè, ó di "ègbé", ìyẹn ìparun. Mi ò sọ pé gbòǹgbò kan náà ló bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o. Ẹni tó bá kọ ìyẹn nínú ìdánwò mi, òdo ló máa gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ègbè àti ègbé. Mo rò pé ohun tó wà láàárín ẹgbẹ́ rere àti ẹgbẹ́ burúkú náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni mo fẹ́ wá rí.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ nítòsí wa níbí. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì London. Ọdún 1962 ló tó dá dúró fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pyrates Confraternity: Wọlé Ṣóyínká, Olúmúyìwá Awẹ́, Ralph Opara, Ikpehare Aig-Imoukhuede, Pius Oleghe, Nathaniel Oyèlọlá àti Sylvanus Egbuche. Yorùbá wà nínú wọn, Igbo wà nínú wọn, ẹni tó ti ìhà Ẹdó wá náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n lòdì sí kò farasin: ẹ̀tanú ẹ̀yà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe bí òyìnbó, tí wọ́n ń fi ipò bàbá wọn yangàn. Wọ́n ń múra bí olè ojú omi láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Eré ọmọdé tó ní ọgbọ́n nínú ni. Ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986; òmíràn di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Ìbàdàn kan náà.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1972, àwọn kan yapa, wọ́n dá ẹgbẹ́ Buccaneers sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tó máa fi di 1984, àwọn Pyrates fúnra wọn kéde pé àwọn ti kó kúrò ní ọgbà yunifásítì. National Association of Seadogs ni orúkọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àgbàlagbà tó ti kàwé jáde ló sì wà níbẹ̀. Àwọn tó kù nínú ọgbà ni aráàlú wá ń pè ní ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Black Axe wọ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Afrika, wà lára wọn. Kò sí òbí kan tó gbọ́ ìròyìn ọjọ́ yẹn tí ọ̀rọ̀ náà "ẹgbẹ́" ṣì dún bákan náà létí rẹ̀.

Ẹ lè ní ohun tó fa èyí pọ̀, òótọ́ sì ni: ìjọba ológun, yunifásítì tó ń pọ̀ sí i, àwọn olóṣèlú tó ń wá jàǹdùkú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá wọlé á búra. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú nìkan, tí kì í ṣí síta, kì í ṣe ilẹ̀kùn ilé. Ti pàkúté ni.

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Phi Beta Kappa bẹ̀rẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní 1776. Ní 1906, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méje ní Yunifásítì Cornell dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀, torí pé ojú tí àwọn funfun fi ń wò wọ́n kò jẹ́ kí wọ́n rí ibi fẹ̀yìn tì. Méje níbẹ̀, méje ní Ìbàdàn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn náà ní ìṣòro tiwọn lọ́hùn-ún: ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kú níbi tí wọ́n ti ń fi ìyà gba ọmọ tuntun wọlé sínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tó yẹ ká kọ́. Ẹgbẹ́ bíi Alpha kò parí lọ́jọ́ tí èèyàn bá gba dígírì. Ẹ̀ka kan wà fún àwọn tó ṣì ń kàwé, òmíràn wà ní àwọn ìlú fún àwọn tó ti jáde. Martin Luther King wà nínú rẹ̀ títí ó fi kú.

Àwa náà ní tiwa. Ẹni tó gbé Kuti Hall ní Ìbàdàn, Kutite ni títí ayé. Ẹni tó gbé Azikiwe, Zikite ni. Sẹ́ẹ̀tì wà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wà, aṣọ ẹgbẹ́jọdá sì wà. Wọ́n ń tún yàrá ìkàwé ṣe, wọ́n ń ran ọmọ aláìní lọ́wọ́. Mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, sẹ́ẹ̀tì kan tí mo kọ́ pè mí síbi àpèjẹ wọn. Akọ̀wé ka orúkọ. Fún àwọn tó ti kú, a dìde dúró. Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn tí a ò gbúròó wọn mọ́," ó ka orúkọ mẹ́rin, ó ṣí ojú ìwé kejì, orin sì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọ̀kan nínú mẹ́rin náà. Ó kọ iṣẹ́ àṣekágbá kan fún mi lórí orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ń pe iṣu, mo ṣì ń lò ó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n léèrè. Ẹnì kan ní bóyá ó ti lọ sí Kánádà.

Mo rántí pé abúlé kan nítòsí Lálúpọn ló ti wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gba Ìwó Róòdù, mo kọjá Olódó, mo dé Lálúpọn, mo gun ọ̀kadà wọ inú oko. Mo bá a lábẹ́ igi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, òun tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀gbà iṣu, ó ń gbìyànjú láti pè wọ́n fún mi: ẹ̀wùrà, èsúrú. Mo jókòó tì í, à ń pè é pọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ó kìlọ̀ fún òun kí òun má pe ẹnikẹ́ni nínú sẹ́ẹ̀tì. Ó jẹ owó ẹgbẹ́ ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ti ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn onígbèsè níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo wo oko yíká, mo rí i pé ebè duro, koríko ò sí. Mo ní, "Ta ló ń bá yín roko?"

"Àwọn aláàáró rẹ̀ ni, sà. Wọn ò tíì fo oko wa rí."

Àáró, fún ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìgboro: àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà á pa ọwọ́ pọ̀. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹni kìíní. Lọ́la, oko ẹnì kejì. Títí á fi kárí. Bí ẹ bá kọ igba ebè fún mi, igba ni èmi náà á kọ fún yín. Ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, níbi tí ẹnì kan á ti bẹ àwọn èèyàn fún iṣẹ́ ńlá kan, tí á sì fún wọn lóúnjẹ. Àáró dà bí èésú, ìṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń dá dípò owó. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni ò fi sọnù.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ọkọ́ la máa ń kà láàárọ̀. Bí ọkọ́ bá dín kan, a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ wo ilé ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Mo rò ó títí mo fi délé. Ẹgbẹ́ òkùnkùn so èèyàn mọ́lẹ̀ débi pé kò lè lọ. Sẹ́ẹ̀tì wa tú okùn náà débi pé èèyàn lọ, a ò mọ̀. Láàárín méjèèjì ni àwọn aláàáró wà: o lè kúrò bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe lè sọnù. Ohun kékeré tí mo ń wá nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ tó kàwé ń ka ẹni tó wá. Àwọn aláàáró ń ka ẹni tí kò wá.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni, torí eré ni. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ àpèjẹ nìkan ló so ó pọ̀, á tú ká bí eré ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ní ohun mẹ́ta láti bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ní ìwé kejì fún àwọn tí kò wá, kí ẹ sì pín wọn fún ẹni tó sún mọ́ wọn jù: ẹni tó wà ní Mọ́níyà kó wo àwọn ará Akínyẹlé, ẹni tó wà ní Ẹgbẹ́dá kó wo Ẹgbẹ́dá, ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àkànrán kó wo Ọ̀nà-Àrà. Fóònù dára, ẹsẹ̀ dára jù ú lọ. Èkejì, ẹ má ka orúkọ onígbèsè ní gbangba mọ́. Ẹni tí kò lówó lè fi ọwọ́ san tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lọ máa lọ ní àlàáfíà, kí ó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò tì.

Akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀lé mi lọ sí Lálúpọn ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Nígbà tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Méjèèjì jókòó, kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn mẹ́fà ló ń lọ báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, bí àáró, láti gbé e lọ sí ọsibítù níbi tí wọ́n ti ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Dókítà ní ì bá ti sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta yẹn ò ní padà wá.

Ní ti ọmọ ìyá oníganrí, mo ní kó wọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo kàn sọ fún un pé lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ní kó búra, kó dìde. Bí wọ́n bá ń ka owó nìkan, kó ní sùúrù fún wọn. Bí ẹnì kan bá wò yíká yàrá, tó sì bèèrè pé, "Lágbájá dà?", kó jókòó. Ó ti bọ́ sí àárín ẹgbẹ́.