Bí a Ṣe Lè Mú Kí Omi Táǹkì Ẹja Tutù Nígbà Ooru: Ẹ̀kọ́ Láti Maiduguri

Ní ìlú Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún ni ooru máa ń mú jù lọ. Nínú oṣù kẹrin, ooru ọ̀sán sábà máa ń tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, nígbà mìíràn a sì kọjá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń sin ẹja àrọ̀ níbẹ̀ nínú táǹkì onísìmẹ́ǹtì àti oníke. Láti ìgbà pípẹ́ ni ẹja Adágún Chad ti ń gba ọjà Baga dé ìlú náà. Ṣùgbọ́n ìkọlù àwọn ọlọ̀tẹ̀, pàápàá èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Baga ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, lé ọ̀pọ̀ apẹja kúrò létí omi. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹja tí a sìn nínú ọgbà ilé ṣe iyebíye. Bí ẹja táǹkì kan bá kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ oṣù bá a lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ìlọrin, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe àjèjì sí yín. Ẹ̀kọ́ yìí yóò wúlò fún ẹ̀yin náà.

Ohun tí ooru ń ṣe

Omi tí ooru rẹ̀ wà láàrin ìwọ̀n 26 sí 30 ni ó bá àrọ̀ lára mu jù. Àrọ̀ lágbára; ó ní ẹ̀yà kan nínú orí tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Nítorí náà, kì í ṣe ooru nìkan ni ó sábà ń pa á, bí kò ṣe ohun tí ooru sọ omi dà. Lítà omi kan tí ó wà ní ìwọ̀n 25 lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 8 ọ́síjìn. Bí ó bá gbóná dé 35, kò lè gbà ju nǹkan bí 7 lọ. Ní àkókò kan náà, ẹja ń fẹ́ ọ́síjìn sí i, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ń tètè jẹrà, oró amóníà sì ń le sí i. Àwọn ọmọ ẹja tí kò tíì lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi ni ó máa ń kọ́kọ́ kú.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkíní, òjìji. Ẹ fi ẹní koríko, irú èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní zana, ṣe ìbòrí sókè táǹkì, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Igi dóńgóyárò pọ̀ ní Maiduguri, òjìji rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ewé rẹ̀ máa já bọ́ sínú omi, nítorí oró tí ó wà nínú rẹ̀ kò dára fún ẹja.

Èkejì, ilẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ a máa wọ inú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ibẹ̀ tutù ju òkè lọ. Táǹkì tí a gbẹ́ ilẹ̀ rì ní apá kan, tí omi rẹ̀ sì jìn ju mítà kan lọ, kì í tètè gbóná bí èyí tí ó dúró lórí ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọgbọ́n àmù. Omi inú àmù ń tutù nítorí pé atẹ́gùn ń gbẹ ọ̀rinrin ara rẹ̀. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ yí ara táǹkì ká, kí ẹ sì máa rin ín lómi. Níbi tí atẹ́gùn ti gbẹ bíi ti Maiduguri ni èyí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Létí òkun, èrè rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, pípààrọ̀ omi. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ ṣe é, kí ó má sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Omi kànga ẹ̀rọ tí ó jìn lè jáde ní gbígbóná, kí ọ́síjìn inú rẹ̀ sì kéré. Ẹ jẹ́ kí ó sùn sínú táǹkì mìíràn lábẹ́ òjìji, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa ta wíníwíní wọ inú táǹkì ẹja. Ẹ kọ́kọ́ da omi tí oòrùn ti sè nínú páìpù nù. Ẹ má ṣe da yìnyín sínú táǹkì: àyípadà òjijì lè ṣe ẹja ní jàǹbá.

Ẹ̀karùn-ún, oúnjẹ. Ẹ fún wọn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán gangan. Ní ọjọ́ tí omi bá ti kọjá ìwọ̀n 32, ẹ dín in kù, kí ẹ sì kó àjẹkù jáde.

Ẹ máa yẹ táǹkì wò ní ìdájí. Pé ẹja kan wá sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mí kì í ṣe ewu. Bí gbogbo wọn bá dúró lójú omi tí wọ́n la ẹnu, omi ti bàjẹ́ nìyẹn. Oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ni ó yẹ kí a ti ṣe ìbòrí táǹkì. Àgbẹ̀ tí ó dúró títí ẹja fi léfòó kí ó tó wá ẹní, ẹní náà kò ní rí ẹja bò mọ́.