Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníná afẹ́fẹ́ ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àti ohun tó yẹ ká rí kọ́ níbẹ̀

Kò sí ọjà tí èèyàn máa wọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní bá ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ aláta wà, ẹgbẹ́ alápatà wà, ẹgbẹ́ awakọ̀ náà wà. Ní Abẹ́òkúta láyé àtijọ́, àwọn Pàràkòyí ló ń ṣètò ọ̀rọ̀ ọjà, tí wọ́n sì ń parí ìjà láàárín àwọn oníṣòwò. Nítorí náà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè ni pé: afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè dì sápò tà, kí ni ẹgbẹ́ oníṣòwò ń wá nídìí rẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kò gba owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó yí i ká ló ń gba owó: ilẹ̀, òpó, ẹ̀rọ, wáyà, àti òfin tó máa jẹ́ kí ẹni tó kó owó sílẹ̀ rí owó rẹ̀ gbà padà. Níbi òfin yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, nínú oṣù Ramadan, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì. Àwọn Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì sọ pé àwọn kò ní ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́ nítorí pé ó ń ran Ísírẹ́lì lọ́wọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, owó epo rọ̀bì lágbàáyé di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títò fún epo bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ó yẹ kí ọ̀nà mìíràn wà.

Ní ọdún 1974 ni wọ́n dá American Wind Energy Association sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí AWEA. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, ẹgbẹ́ náà wọnú ẹgbẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ American Clean Power Association, níbi tí àwọn oníná afẹ́fẹ́ ti bá àwọn oníná oòrùn, àwọn oníbátìrì ńlá àti àwọn tó ń fa wáyà iná pàdé.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń dá owó sí i: àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn tó ń ri í mọ́lẹ̀, àwọn tó ń ta iná rẹ̀, títí kan àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń yá wọn lówó. Ohun kan sì wà tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe, tí ẹgbẹ́ ọjà tiwa máa ń ṣe ní gbangba: wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa ta ọjà. Láti ọdún 1890 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Òfin tó ń dá ọjọ́ fún ara rẹ̀

Ní ọdún 1992, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ ṣe iná, tó sì tà á, máa rí ẹ̀dínwó gbà lórí owó orí rẹ̀. Sẹ́ǹtì kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà fún kìlówáàtì iná kan láàárín wákàtí kan, fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà bá fi ṣiṣẹ́. Chuck Grassley, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Iowa, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ló wà nídìí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ àgbẹ̀ ni Iowa, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníná afẹ́fẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin náà ní ọjọ́ tó máa kú. Láàárín ọdún 1999 sí 2004, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú kí wọ́n tó jí i padà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kú, iṣẹ́ máa ń dúró.

Ẹ wo èyí tó hàn jù. Wọ́n ti kéde pé òfin náà máa parí ní ìparí ọdún 2012. Gbogbo ilé iṣẹ́ sáré kí iṣẹ́ wọn lè parí ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ tí agbára wọn ju 13,000 mẹ́gáwáàtì lọ ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní ọdún 2013, nǹkan bíi 1,100 péré ni. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré ni òfin náà fi kú: ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2013 ni wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun nígbà tí kò dá a lójú pé òfin máa wà, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti dá òṣìṣẹ́ dúró kí ọdún 2012 tó parí.

Ibí yìí ni ẹ ti máa mọ iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè yí ilé aṣòfin lérò padà. Ẹgbẹ́ ló ń kó iye òṣìṣẹ́ àti iye ẹ̀rọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ, tó ń gbé e lọ bá aṣòfin, tó sì ń mú àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ wá sọ tẹnu wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn aṣòfin fi ọdún márùn-ún kún un, pẹ̀lú àdéhùn pé owó náà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó tún gbòòrò sí i ní ọdún 2022. Àmọ́ òfin tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2025 ti gé e kúrú: iṣẹ́ tí wọn kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún kan sígbà yẹn gbọ́dọ̀ ti máa mú iná jáde kí ọdún 2027 tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí nǹkan gbà. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n

Iṣẹ́ kejì ni títún ilé ara wọn ṣe. Nígbà kan, ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré, irú èyí tí àgbẹ̀ lè rì sẹ́yìn ilé, ló ń yan bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ le tó kó tó sọ agbára ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó fi afẹ́fẹ́ líle wọn tirẹ̀ á ní nọ́ńbà ńlá, ẹni tó fi afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ wọn tirẹ̀ á ní kékeré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì lè máà ju ara wọn lọ. Ó dà bí ìgbà tí oníkálukú bá ń gbé kóńgò tirẹ̀ wá sọ́jà gàárì.

Ní ọdún 2009, AWEA gbé ìlànà kan jáde pé kí gbogbo wọn máa fi afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ agbára ẹ̀rọ, kí wọ́n sì sọ bí ariwo rẹ̀ ṣe tó àti iná tó lè mú wá lọ́dún. Láti ìgbà náà, oníbàárà lè fi ẹ̀rọ kan wé òmíràn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko. Ní Altamont Pass ní Kalifóníà, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rì láti àwọn ọdún 1980 pa ọ̀pọ̀ ẹyẹ idì, èyí sì ba iṣẹ́ náà lórúkọ jẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà gbà láti máa dín yíyí apá ẹ̀rọ kù nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá le, ní àsìkò tí àwọn àdán máa ń ṣí kiri kí òtútù tó dé. Àdéhùn ọ̀rẹ́ ni o, kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ kò ní dé ilé ẹjọ́.

Bó ṣe yẹ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn

Kò sí ẹlẹ́kọ tó máa kiri pé ẹ̀kọ òun ti kan. Bí ẹgbẹ́ bá ní iná afẹ́fẹ́ dára, ẹ rántí pé ẹni tó ń tà á ló ń sọ̀rọ̀. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Iná afẹ́fẹ́ ti tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo iná tí Amẹ́ríkà ń ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà ló sì kà á. Òfin tún mú un ní dandan kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa kéde owó tó ń ná lórí rírọ àwọn aṣòfin, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ilé àti mọ́sálásí ń fi owó ìdàwójọ ra sólà, ọ̀pọ̀ ti ra bátìrì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Bí àwọn tó ń tà á bá kó ara wọn jọ, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ làwọn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ń san owó ẹgbẹ́? Òṣùwọ̀n wo lẹ fẹnu kò lé? Kí lẹ máa ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sọ̀yà fún ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà nínú ọwọ́ náà.